Ìka Tí Kò Ṣẹ̀ Ni Wọ́n Ń Gé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wakọ̀ rí nílùú Ọba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ṣe ọ̀dọ́ rí, ẹ súnmọ́ mi, ẹ wáá bá mi dárò. Mi ò pààyàn. Mi ò jalè. Mi ò fi mọ́tò gbá ògiri, mi ò fi gbá ajá, mi ò tiẹ̀ tíì fi táyà ta omi ẹ̀gbẹ́ títì sí ẹnikẹ́ni láṣọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe ò ju pé mo pé ọmọ ọdún 22, mo yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà, mo sì fẹ́ máa wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ ẹjọ́ mi lẹ́yìn mi, wọ́n dá mi lẹ́bi, wọ́n sì kọ iye tí màá san síwájú mi: £3,400 lọ́dún.

Ẹ má tíì pariwo. £1,500 ni mo ra mọ́tò ọ̀hún.

Ó yá, ẹ wáá pariwo! Ta ló gbọ́ ọ rí, láyé àtijọ́ tàbí lóde òní, pé wọ́n ta àgbò fún èèyàn, tí owó okùn tí wọ́n fi so ó lọ́rùn sì ju ìlọ́po méjì owó àgbò lọ?

Àbí ẹ rò pé mọ́tò ọlọ́lá ni? Nissan Micra ni, ẹ̀yin èèyàn mi, Micra ọdún 2007! Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń ṣe táksí n'Íbàdàn, tí èrò méjì á há síwájú, tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin á há sẹ́yìn, tí àpò gààrí á wà ní búùtù, tí wọ́n á sì dé Ṣángo láyọ̀. Nílùú Ọba, ìpele 1 títí dé 50 ni wọ́n ti ń pín mọ́tò sí tipẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìńṣọ́ránsì. Òkè téńté ni àwọn tó ń sáré àsápajúdé wà. Tèmi wà nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn onísùúrù. Tó bá ń gun òkè Dog Kennel Hill ní Dulwich, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á bá a, wọ́n á yà á sílẹ̀, òmíràn nínú wọn á tún bojú wẹ̀yìn wò ó tàánútàánú. Síbẹ̀, wọ́n ní ewu ni mo wà nínú rẹ̀. Ewu wo? Ewu pé oorun lè gbé mi lọ kó tó dé òkè?

Mo ti rò pé ìyà tán lọ́jọ́ tí mo yege. Mo ti san £34 fún láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́, mo san £23 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, mo san £62 fún ìdánwò ojú títì, ká má tíì sọ owó tísà tó ń gba owó mi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó sì ń mí kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan jíà. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ rà á pamọ́ tí wọ́n ń tà á lówó gegere. Mo fara dà á. Mo dáhùn ìbéèrè 50, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43 nínú rẹ̀. Wọ́n tún gbé fídíò kalẹ̀ fún mi pé kí n máa tẹ bọ́tìnì ní kété tí mo bá rí ewu tó ń bọ̀: ọmọ tó fẹ́ sá já títì, kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Mo rí gbogbo ewu náà! Ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ú pé ojú mi mọ ewu. Mo dé iwájú àwọn oníńṣọ́ránsì, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ìwọ gan-an ni ewu tó ń bọ̀.

Ẹ wáá wo fọ́ọ̀mù wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, àwọn ojúlé kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó o bá ti kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pín in káàkiri ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, kí gbogbo wọn lè jọ bú ọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ọdún mélòó ni mo ti ní láísẹ́ńsì? Kò tíì pé oṣù kan. Ọdún mélòó ni mo ti wakọ̀ láì béèrè owó jàǹbá lọ́wọ́ wọn? Òdo, ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì wakọ̀ ni! Ṣé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń gbé nílùú Ọba? Rárá, ọmọ ọdún 17 ni mo dé láti Ìbàdàn. Ṣé mo ní ilé tèmi? Ṣé mo ní ìyàwó? Ṣé mo ní ọmọ? Máìlì mélòó ni màá wà lọ́dún? Níbo ni mọ́tò máa ń sùn lálẹ́? Kí ni mo ti yí padà lára mọ́tò náà, ṣé táyà ni, ṣé ẹ́ǹjìnnì ni, ṣé ọ̀dà ni? Nígbà tá a fi máa débẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà mí fún sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì tí màmá mi fi ránṣẹ́ pé kí n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn.

Ẹ wo ibi tí wọ́n dè mí sí. Kí owó tó lè wálẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ti fi ọdún bíi mélòó kan wakọ̀ láìní jàǹbá. Kí n tó lè fi ọdún kan wakọ̀, mo gbọ́dọ̀ san owó tí kò tíì wálẹ̀. Ta ló jókòó ro èyí? Ẹni náà jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì sùn?

Wọ́n ní kì í ṣe èmi nìkan o, wọ́n ní ìwé ìṣirò àwọn fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ máa ń ní jàǹbá ju àwọn àgbà lọ, àti pé nílùú Ọba òfin ò fi ààlà sí iye tí iléeṣẹ́ lè san fún ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe, pé ẹni tó bá fara pa débi tí yóò máa gba ìtọ́jú títí ọjọ́ alẹ́, mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni. Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní jàǹbá yẹn, ṣé a jọ jáde ni? Ṣé a jọ jẹun? Ọmọkùnrin kan ti fi mọ́tò bàbá rẹ̀ wọ inú odi olódi ní Essex, èmi tí mo wà ní Peckham tí mò ń jẹ ẹ̀wà jẹ́jẹ́, èmi ni mo máa mọ odi náà padà! Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba tó jẹ nídìí ìńṣọ́ránsì ti gé ìka mi kí n tó na ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Nínú àwọn ìbéèrè wọn, tó o bá ní o ti gbéyàwó, iye owó máa ń rọ̀ díẹ̀. Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù. Àṣìsọ ńlá! Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin yìí ti ń wá ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́? Ó ní: "Ṣé o rí i báyìí? Òyìnbó gan-an ń sọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mọ̀wé." Mo ní: "Mà, ọmọ ọdún 22 ni mí." Ó ní: "Ẹni ọdún 22 ló ń ra mọ́tò, ẹni ọdún 22 ò lè ra òrùka?" Ẹ gbà mí o! Mo wá ìńṣọ́ránsì, wọ́n ń bá mi wá àna.

Tibi tí mò ń gbé ńkọ́? SE15 ni kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdírẹ́sì mi fi bẹ̀rẹ̀, Peckham, níbi tí èèyàn ti lè ra ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ògúfe àti káàdì fóònù ní Rye Lane láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Bí mo ṣe tẹ SE15 báyìí, owó fò. Mo fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní abúlé wò ó, kí n kàn mọ bí ayé ṣe ń rí fún àwọn ẹlòmíràn ni o, owó sọ̀kalẹ̀ wọ̀ọ̀! Lọ́dún 2022, àjọ Citizens Advice gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn èèyàn tó ń gbé ní àdúgbò tí àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó pọ̀ sí ń san owó ìńṣọ́ránsì mọ́tò tó ga ju tàwọn yòókù lọ. Àwọn iléeṣẹ́ náà búra pé àwọn kì í wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wo àwọ̀ mi sí, nígbà tí SE15 ti bá wọn sọ gbogbo rẹ̀?

Ẹ tún gbọ́ tiṣẹ́. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe. Ilé àwọn arúgbó ni mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, màá fún wọn loògùn, màá bá wọn wẹ̀, màá bá wọn wá gíláàsì ojú tó wà lórí imú wọn. Ọ̀gá mi ló ní kí n ra mọ́tò, ó ní bọ́ọ̀sì ń pa àkókò. Mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù tọkàntọkàn. Wọ́n ní ó dáa, mọ́tò tí o fi ń ṣe fàájì yàtọ̀ sí mọ́tò tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn náà tún yàtọ̀ sí mọ́tò tí o fi ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ìkẹta yìí sì ni owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀yin èèyàn, tí mo bá ń wa mọ́tò lọ jẹ àríyá ní Thamesmead, owó kéré. Tí mo bá ń wà á lọ fún màmá ẹni ọdún 89 loògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ga! Ìwà rere lówó orí nílùú yìí.

Wọ́n á ní òfin ń dáàbò bò wá. Òfin wo? Láyé ọjọ́un, àwọn ọmọbìnrin kì í san tó àwọn ọkùnrin, nítorí wọn kì í sáré tó wa. Ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù wáá dá a lọ́dún 2011 pé kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 21, 2012. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ìdọ́gba ti dé! Ṣé ẹ rò pé wọ́n mú tàwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀ wá bá tàwọn obìnrin ni? Tàwọn obìnrin ni wọ́n gbé gòkè! Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fi ọkùnrin tàbí obìnrin díye léni, wọn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà díye léni. Ọjọ́ orí ńkọ́? Òfin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìyẹn gbà wọ́n láyè, tí wọ́n bá ṣáà ti ní ìṣirò lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ́, ọjọ́ orí nìkan ló wà níta láìní òrùlé.

Mo gbọ́n, mo ní kò burú, kí n ra èyí tó kéré jù, èyí tí òfin sọ pé ó pọn dandan, tó ń san owó fún ẹni tí mo bá gbá nìkan, tí kò sì ní fún èmi ní kọ́bọ̀. Láti 1930 ni òfin ti sọ irú rẹ̀ di ọ̀ranyàn nílùú yìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wọ́n ju ti odidi lọ! Mo nu ojú, mo tún un wò. Èyí tó ń bo gbogbo nǹkan, iná, olè, bọ́ńpà tèmi àti bọ́ńpà ẹlòmíràn, owó rẹ̀ kéré sí ti èyí tí kò bo nǹkan kan. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní àwọn tó máa ń wá èyí tó kéré ni wọ́n máa ń ní jàǹbá jù. Ẹ gbọ́ o: pé mo ń ṣọ́ owó ná, ẹ̀rí nìyẹn pé mo fẹ́ pa èèyàn!

Mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ra ìńṣọ́ránsì nígbà tó ku ọ̀la, aláìmúrasílẹ̀ ni, aláìmúrasílẹ̀ sì léwu, pé tí mo bá ti wá ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ì bá dínkù. Mo ní mi ò ní £3,400 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní mo lè máa san án lóṣooṣù, wọ́n sì fi èlé lé e, nítorí ẹni tí kò lówó ló yẹ kó san owó jù. Ìjọba náà na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ó mú owó orí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ san £1,000 lápò ara mi kí àwọn tó dá sí i. Mọ́tò £1,500! Ìyẹn ni pé tí trélà bá pa Micra mi rẹ́ tí kò ku nǹkan kan bí kò ṣe ìwé rẹ̀, ohun tó máa kù fún mi lọ́wọ́ wọn ni owó tí màá fi máa wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn jà.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Orin tí wọ́n fi dá mi dúró, mo ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, mo lè gbè é níbi òkú. Nígbà tí ọmọ òyìnbó kan jàjà gbé e, ó gbìyànjú orúkọ mi, ó tún un gbìyànjú, ó wáá bi mí bóyá òun lè kàn máa pè mí ní T. Mo ní kò léwu. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wò mí, mi ò mutí, mi ò mu sìgá, mo máa ń gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bí tísà ṣe kọ́ mi. Ó ní: "Ó yé mi, T, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló gbé iye yẹn jáde." Mo ní kí ó fún kọ̀ǹpútà ní fóònù. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn onímọ̀ràn fi bo ilé mi. Àǹtí mi kan ní: "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń dà ọ́ láàmú? Kọ ọ́ sórúkọ mi! Kí n jẹ́ awakọ̀, kí ìwọ jẹ́ ẹni tó kàn ń bá mi wà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wakọ̀ nílùú yìí." Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Mo ní: "Àǹtí, ẹ ṣeun mà, ṣùgbọ́n jìbìtì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó ń wà á jù ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè má san kọ́bọ̀ fún wa." Ó ní ìwé tí mò ń kà ti pọ̀ jù. Bùọ̀dá kan níbi ìsọmọlórúkọ tún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Àbúrò, £500 péré. Fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìwé á jáde kó tó dalẹ́." Ìwé á jáde lóòótọ́! Ìwé tí wọ́n á ti kọ síbẹ̀ pé ẹni ọdún 54 ni mí, pé àgbẹ̀ ni mí ní Wales, tàbí èyí tí wọ́n á fagi lé lọ́jọ́ kejì. Kámẹ́rà ọlọ́pàá tó wà ní Old Kent Road ń ka nọ́ńbà mọ́tò kó tó kọjá tán, ó sì mọ èyí tí kò ní ìńṣọ́ránsì. £300 ni owó ìtanràn, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí láísẹ́ńsì, wọ́n sì lè gbé mọ́tò lọ lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a kò tíì pé ọdún méjì lójú títì, tá a bá ti ní àmì 6 báyìí, láísẹ́ńsì lọ nìyẹn, a tún máa bẹ̀rẹ̀ látorí £34.

Mo ní ó dáa, kí Micra sinmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí owó á fi wá. Wọn ò gbà! Láti 2011, mọ́tò tó bá ti wà lórúkọ rẹ gbọ́dọ̀ ní ìńṣọ́ránsì kódà bí kò bá gbéra, àfi tó o bá kọ̀wé sí DVLA, àjọ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, pé o ti yọ ọ́ kúrò lójú títì, kó o sì gbé e sórí ilẹ̀ aládàáni. Ilẹ̀ aládàáni! Yàrá kan ni mo háyà, lórí àjà kẹta. Ṣé kí n gbé Micra gun àtẹ̀gùn ni?

Lásìkò yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn pè mí, tó ń ráhùn pé ayé ti bàjẹ́ ní Nàìjíríà, pé ìńṣọ́ránsì ọ̀ranyàn fún ọkọ̀ àdáni tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀ ni ìjọba gbé dé ₦15,000 láti January 2023, àti pé ọlọ́pàá tiẹ̀ ti ń dá àwọn dúró béèrè rẹ̀ láti February 2025. ₦15,000! Lọ́dún kan! Kò tó £10! Ẹni ọdún 18, ẹni ọdún 80, àpọ́n, oníyàwó mẹ́ta, iye kan náà! Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka £3,400 sí náírà." Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kakulétọ̀. Nígbà tó rí i pé ó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, ó ní: "Àbúrò, ṣé o dá a lójú pé kì í ṣe bàálù lo rà?"

Ohun tí mo gbà kẹ́yìn ni àpótí dúdú. Wọ́n ní tí mo bá gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú mọ́tò, tí yóò máa ṣọ́ bí mo ṣe ń sáré, bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì, bí mo ṣe ń yí kọ́nà àti aago tí mò ń jáde, àwọn á ṣe é ní £2,600. Mo fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìyá ọkọ láìjẹ́ aya ẹnikẹ́ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan já títì níwájú mi ní New Cross, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí wọn ò bẹ̀rù ẹ̀dá. Mo tẹ bíréèkì, mo gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ó wò mí, ó ń rìn lọ. Kí n tó mí sí i, fóònù ti dún: o tẹ bíréèkì lójijì, máàkì rẹ ti lọ sílẹ̀. Ṣé kí n pa á ni? Tí mo bá pa á ńkọ́, ṣé ẹ ò ní sọ pé mi ò tẹ bíréèkì? Wọ́n tún ní kí n yé wakọ̀ láàárín aago 11 alẹ́ sí 5 ìdájí. Ẹ̀yin ènìyàn, iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe! Ìgbà tí bàbá arúgbó bá tó sùn ni mò ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀! Àwọn kan náà tí wọ́n gba owó lé iṣẹ́ mi lórí ni wọ́n tún ń yọ máàkì mi nítorí pé mo lọ síṣẹ́ ọ̀hún.

Síbẹ̀ mo rọ́jú. Mo wakọ̀ fún bí ọdún kan láìfi ara kan ẹnikẹ́ni, mo ń yà fún bọ́ọ̀sì, mo ń yà fún kẹ̀kẹ́, mo ń yà fún àwọn tí kò yẹ kí n yà fún. Ó ku díẹ̀ kí ọdún pé, mo páàkì Micra sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gòkè lọ sùn. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ pìjámà, nígbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń kọjá lọ láàárọ̀ tó sì já dígí ẹ̀gbẹ́ mi lọ. Dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó gbà pé òun lòun jẹ̀bi. Mo fi tó iléeṣẹ́ mi létí, torí ìwé àdéhùn ní gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí n máa sọ. Nígbà tí ìwé ọdún tuntun dé, owó ti gòkè! Mo pè wọ́n, mo fara da orin wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Wọ́n ní òótọ́ ni pé mi ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìṣirò fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá ti gbá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún gbá a. Mo ní mo ń sùn! Wọ́n ní ó yé àwọn. Mo sá lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ yòókù, gbogbo wọn ló béèrè bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò mi láàárín ọdún márùn-ún, tí mo bá sì ti sọ ti dígí, a jẹ́ pé ẹnu wọn kò.

Nítorí náà, mo ti pa ìjà tì, ìkéde ni mo fẹ́ ṣe. Mo ń wá bàbá àgbà tàbí màmá àgbà kan tó máa gbà mí ṣọmọ. Kí ọjọ́ orí wọn lé ní 60, kí wọ́n ti fi ogún ọdún wakọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan, kí wọ́n máa gbé ní abúlé tó jìnnà sí SE15 débi pé olè ò ní lówó ọkọ̀ débẹ̀, kí wọ́n ní gáréèjì tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọkọ̀ akólẹ̀ má sì gba iwájú ilé wọn kọjá. Mo mọ àmàlà rò, mo mọ gbẹ̀gìrì sè, ìtọ́jú àgbàlagbà ni iṣẹ́ mi, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá wáá ní ọmọbìnrin kan tó ti ní láísẹ́ńsì fún bí ọdún márùn-ún, kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu rárá: màmá mi n'Íbàdàn ti yan àwọ̀ aṣọ ẹbí.